Nọ́ńbà Bàbá Ló Wà Lókè Pátápátá

Ilé wa, òkè ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ,
Ọjọ́ Àìkú, ọ̀sán.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ méjèèjì tí wọ́n ti gbàgbé ojú mi. Mo gbà pé ara gbogbo yín yá, nítorí ìgbà tí ara yín kò bá yá nìkan ni mo máa ń gbúròó yín. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ máa wà ní àlàáfíà, kí n tilẹ̀ má gbúròó yín náà. Ara tèmi le, kò sí ibi tó ń dùn mí, àfi inú tó ń bí mi. Ó ti di ọjọ́ kọkànlá báyìí. Mo ti gé apá ẹ̀wù oníbàárà kan ní gígé òdì nítorí rẹ̀. Lẹ́tà ni mo ní kí n fi kọ ọ́, torí bí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, màá pariwo, ìwọ náà á sì sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa.

Ọ̀rọ̀ ojú ìwé tí o bá ẹgbẹ́ wa ṣe sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni. O rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ olóyin ni mo bẹ̀ ọ́. Mo sọ fún ọ pé lọ́dọọdún, tí igi bá ti ń tanná, tí kòkòrò oyin bá pọ̀ jù nínú ilé wọn, ìyá wọn á kó ìdajì wọn jáde, wọ́n á lọ so rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi tàbí òrùlé ẹni ẹlẹ́ni títí wọ́n á fi rí ilé tuntun. Wọn kì í bá ẹnikẹ́ni jà lásìkò yẹn. Onílé ni ẹ̀rù máa ń bà, kò ní mọ ẹni tó máa pè, á wá gbé omi gbígbóná tàbí oògùn apakòkòrò tì wọ́n. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, èèyàn mọ́kàndínlógún ló wà nínú ẹgbẹ́ wa káàkiri ìlú tí wọ́n ní àpótí òfìfo nílẹ̀, tí wọ́n ń tọrọ oyin tí wọn yóò kó sínú rẹ̀. Ẹni tó ń sá fún oyin kò mọ ẹni tó ń wá oyin. O ní ọ̀rọ̀ náà kò le. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì o ti ṣe é: kí èèyàn tẹ orúkọ àdúgbò rẹ̀, kí nọ́ńbà olóyin tó sún mọ́ ọn jù yọ sókè. Mo dán an wò nínú ṣọ́ọ̀bù, mo rẹ́rìn-ín débi pé oníbàárà mi bi mí bóyá ọkọ ló kọ̀wé sí mi.

Ìpàdé ló bà á jẹ́. Alága tẹ orúkọ àdúgbò kan, ó rí orúkọ ara rẹ̀ ní ipò kẹsàn-án, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ẹni tó wà lókè níbẹ̀ ni aránbàtà, ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó wọ ẹgbẹ́ lọ́dún tó kọjá. Alága ní, “Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lánàá, ẹ fi ṣáájú mi lójú gbogbo ayé?” Ni kálukú bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ipò tirẹ̀. Kí n tó gbé gègé, wọ́n ti pinnu pé kí a tò ó bí a ṣe wọ ẹgbẹ́, àgbà lókè, ọmọdé nísàlẹ̀, ní àdúgbò yòówù kó jẹ́. Bàbá tó bí èmi àti ìwọ ló pẹ́ jù nínú ẹgbẹ́, nítorí náà nọ́ńbà Bàbá ló wá wà lókè pátápátá. Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù, o sì ti tún un tò kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ìwọ tí o máa ń bi mí ní ìbéèrè mẹ́wàá lórí àwọ̀ bọ́tìnnì kan ṣoṣo, lọ́jọ́ yẹn o kò béèrè ẹyọ kan. Ìyẹn náà wà nínú ohun tó ń bí mi.

Bí fóònù Bàbá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dún nìyẹn. Mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tó ń pè, kì í ṣe oyin ni wọ́n rí. Agbọ́n ni. Bí mo bá ní kí n ka iye ìgbà tí a ti ṣàlàyé fún aráyé pé agbọ́n yàtọ̀ sí oyin, pé agbọ́n ní ìbàdí tẹ́ẹ́rẹ́, pé oyin ní irun lára, ẹnu mi á bó. Ìyáàfin kan ní kí a wá bá oyin wí torí wọ́n ń mu omi lára aṣọ tí òun sá. Ọkùnrin kan pè pé agbo oyin ńlá wà lórí igi ẹ̀yìnkùlé òun, kí a sáré. Bàbá lọ o. Fìlà onírun ìyàwó rẹ̀ ni atẹ́gùn gbé sórí igi, ọkùnrin náà kò sì wọ awò ojú rẹ̀. Bàbá bá wọn mú fìlà náà sọ̀kalẹ̀, tọkọtaya náà fún wọn ní omi tútù, Bàbá sì padà sílé tayọ̀tayọ̀. Mo rò pé ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ náà máa jẹ́ títí lọ.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan yọjú lójú wíńdò, ó sì rí i pé oyin ti bo irin ẹnu ọ̀nà àgbàlá wọn, wọ́n so rọ̀, gígùn wọn tó apá àgbàlagbà, wọn kò sì ga ju èjìká ọmọdé lọ. Ohun tó yẹ kí èèyàn ṣe gan-an ló ṣe. Ó kó àwọn ọmọ wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó fa kọ́tìnì, ó ní kí wọ́n máa kọrin. Kò bu omi, kò pariwo. Ó wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó rí ojú ìwé wa, ó sì pe nọ́ńbà tó wà lókè. Bí gbogbo ìlú bá ní làákàyè bíi ti ọmọbìnrin yẹn, iṣẹ́ akọ̀wé kì bá tí sú mi.

Bàbá gbé e kó tó dún lẹ́ẹ̀mejì. Olùkọ́ náà sọ fún mi pé ohun tí wọ́n sọ ni pé, “Mò ń bọ̀, ọmọ mi. Má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n títí màá fi dé.” Ìgbà tí wọ́n wọ bàtà tán ni wọ́n tó béèrè ibi tí ilé-ẹ̀kọ́ náà wà. Òdìkejì ìlú ni, àbúrò mi. Ọkọ̀ méjì ni, pẹ̀lú ìrìn ẹsẹ̀ láàárín, fún ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin tó gbé àpótí dání. Awakọ̀ àkọ́kọ́ ní òun kò gbé oyin. Bàbá ní kò sí oyin nínú rẹ̀, àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ kó o ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ló lé obìnrin tó jókòó tì wọ́n sọ̀kalẹ̀, awakọ̀ sì ní kí àwọn náà bá a sọ̀kalẹ̀. Wákàtí kan gbáko ni wọ́n fi dúró de òmíràn.

Wàyí o, aránbàtà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ta lo rò pé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ ilé-ẹ̀kọ́ náà? Títì lásán ló là wọ́n láàárín. Mo ti lọ fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n fúnra mi, ìgbésẹ̀ mẹ́tàlélógún ni láti orí àga rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà yẹn. Ó ti rí oyin náà. Ó gbé àpótí rẹ̀, ó mú aṣọ funfun àti búrọ́ọ̀ṣì, ó sọdá. Olùkọ́ ní bàbá kan ti ń bọ̀, pé wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Aránbàtà wo nọ́ńbà náà, ó mọ̀ ọ́n, ó sì gbé àpótí rẹ̀ sílẹ̀. O mọ àṣà ẹgbẹ́ wa: ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè ló ni oyin, bó bá sì jẹ́ àgbà, ọmọdé kì í nawọ́ ṣáájú rẹ̀. Ó pe Bàbá lórí fóònù, ó ní, “Bàbá, mo wà níbí o. Ṣé kí n máa bá yín bẹ̀rẹ̀?” Bàbá ní, “Mo ti wà lọ́nà. Dúró dè mí.” Ó sì dúró. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó dúró ti ọgbà fún wákàtí méjì ààbọ̀, pẹ̀lú àpótí òfìfo lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Adìyẹ bà lókùn: ara kò rọ olùkọ́, ara kò rọ aránbàtà.

Aago kan ni àwọn òbí máa ń wá kó ọmọ. Nígbà tí aago kan ku ogún ìṣẹ́jú, ọkùnrin kan ti dé pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀, ó ń kánjú, ọmọ rẹ̀ wà nínú ilé, oyin sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Aránbàtà bẹ̀ ẹ́ pé Bàbá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ọkùnrin náà wo àpótí, ó wo aṣọ funfun, ó ní, “Ṣé ìwọ náà mọ̀ ọ́n kó?” Aránbàtà ní òun mọ̀ ọ́n. Ó ní, “O mọ̀ ọ́n kó, o ní àpótí, o wá ń wò ó níran?” Kí ni kí ọmọ ọlọ́mọ dáhùn? Bí o bá jẹ́ ìwọ, kí lo máa sọ? Ọkùnrin náà ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó mú agolo oògùn apakòkòrò méjì jáde, ó fín in mọ́ wọn lára títí agolo méjèèjì fi gbẹ.

Èyí tó pọ̀ jù já bọ́ sílẹ̀. Àwọn tó kù fò dìde pẹ̀lú ìbínú tí wọn kò ní tẹ́lẹ̀. Ojú olùkọ́ wú, kò là fún ọjọ́ mẹ́ta. Aránbàtà gba oró tirẹ̀ nígbà tó fi ara bo wíńdò tí kò pàdé dáadáa, ẹni tó fín oògùn gan-an sì gba tirẹ̀ kọjá ohun tó béèrè. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, kò sí ọmọ kankan tí wọ́n ta. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ti rí gbogbo rẹ̀ láti abẹ́ kọ́tìnì, wọn kò sì kọrin mọ́.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni Bàbá dé. Aṣọ funfun tí wọ́n máa ń tẹ́ sábẹ́ oyin, wọ́n ti lọ̀ ọ́ kí wọ́n tó kúrò nílé. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n kúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú orúnkún wọn tó ń dùn wọ́n, wọ́n ń fi ìka kan ṣoṣo tú òkú oyin wò títí wọ́n fi rí ìyá oyin náà. Wọ́n gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n dìde, wọ́n lọ bá olùkọ́ tó fi ọwọ́ bo ojú, wọ́n ní, “Má bínú, ọmọ mi. Mo pẹ́.” Aránbàtà ló sọ fún mi, ó sì ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́.

Àwọn òbí ti wá kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ orúkọ Bàbá lórí ojú ìwé náà: “Ẹ má pe àwọn yìí. Wọn kì í wá.” Bàbá kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i, n kò sì sọ fún wọn. Láti ọjọ́ náà, agbo oyin mẹ́ta ni mo ti gbọ́ pé wọ́n sun láàárín ìlú, kò sí ọ̀kan nínú àwọn onílé náà tó pè wá. Iṣẹ́ tí a fi oṣù mẹ́ta ṣe, agolo méjì ló pa á.

Mo pe ìpàdé. Ó yẹ kí o wà níbẹ̀ kí o wá gbọ́ ọ̀rọ̀. Alága ní kọ̀ǹpútà ló fà á. Ẹnìkan ní bóyá kí a fi fọ́tò Alága sókè kí àwọn aráàlú lè ní sùúrù. Ọ̀gbẹ́ni tí a ń pè ní Mo-ti-dé-tán, ẹni tó wà ní ipò kejì tí kò sì tíì dé ibì kankan rí láyé, ní àwọn òbí ni kò ní ẹ̀kọ́. Mo dìde, mo ní kí a padà sí títò ó bó ṣe sún mọ́ni. Alága ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé gun igi kò lè rí i. Mo ní, “Ẹ̀yin bàbá mi, orí igi ni oyin wà!” Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò sí ẹni tó gbọ́wọ́ sókè, nítorí Bàbá jókòó níbẹ̀, wọn kò sì fẹ́ dìbò lójú wọn pé kí wọ́n sọ̀kalẹ̀. Bàbá náà kò sọ̀rọ̀. Inú bí mi sí gbogbo wọn, inú bí mi sí Bàbá.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ òótọ́ tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n dìbò pé kí àgbà wà lókè, ọwọ́ tèmi ló kọ́kọ́ gòkè. Mo mọ̀ pé kò bọ́gbọ́n mu. Láti ìgbà tí Màmá ti kú, fóònù Bàbá kì í dún mọ́. Nígbà mìíràn tí mo bá lọ kí wọn, wọ́n á ní kí n fi tèmi pè é kí àwọn lè mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo rò ó pé bí nọ́ńbà wọn bá wà lókè, aráyé á máa pè wọ́n. Aráyé sì pè wọ́n. Nítorí kí fóònù lè máa dún nílé Bàbá ni mo ṣe gbọ́wọ́ sókè, ohun tó sì gbẹ̀yìn rẹ̀ nìyí.

Lọ́jọ́bọ̀ mo lọ bá wọn nílé. Wọ́n jókòó nídìí tábìlì ilé ìdáná, fóònù wà níwájú wọn, wáyà iná wà lára rẹ̀. Mo ti to ẹjọ́ tí màá rò sínú bí ẹni tó ń lọ sí kọ́ọ̀tù, wọn kò jẹ́ kí n rò ó. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ti pè wọ́n ni wọ́n ń sọ fún mi, lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò gbàgbé ẹyọ kan: onífìlà, ẹni tó rí agbọ́n nínú àpótí lẹ́tà, ìyáàfin aláṣọ-sísá tó tún pè lọ́sẹ̀ kejì, kì í ṣe nítorí oyin, ó kàn ní kí òun béèrè bóyá orúnkún wọn ti sàn. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Sọ fún àbúrò rẹ kó tò ó bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá sún mọ́ wọn ni kí wọ́n pè. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ ní ìpàdé, ojú ló tì mí.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ti ń múra láti lọ nígbà tí wọ́n fi kún un pé, “Ṣùgbọ́n kó má yọ nọ́ńbà mi kúrò pátápátá o. Kó fi sí ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Bóyá ẹnìkan á ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́.”

Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú báàgì mi léjìká, mo ń wo wáyà fóònù. Wọ́n tún wá béèrè lọ́wọ́ mi, wọ́n rọra béèrè ni, kì í ṣe bí ẹni tó ń ráhùn, bóyá nọ́ńbà tí o ń lò tẹ́lẹ̀ náà ni o ṣì ń lò. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, “Ó dáa. Mo kàn ní kí n mọ̀ ni.”

Nítorí náà, jọ̀wọ́, tún ojú ìwé náà ṣe. Kí ó kọ́kọ́ béèrè àdúgbò, kí ẹni tó sún mọ́ ibẹ̀ jù wà lókè, ìbáà jẹ́ àná ló wọ ẹgbẹ́. Ya àwòrán oyin àti agbọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí a lè sinmi. Kọ ọ́ gàdàgbà pé kí ẹnikẹ́ni má fín nǹkan kan, àti pé bí ẹni tí wọ́n pè kò bá dé láàárín ìdajì wákàtí, kí wọ́n pe ẹni tó tẹ̀ lé e. Pa ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ orúkọ Bàbá rẹ́. Bí Alága bá bínú, kó wá bínú sí mi, mo ti gbaradì. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi sí ìwọ náà, n kò ní purọ́. O ṣe ohun tí àjèjì tí kò mọ̀ wá rí fi lè rí bàbá wa kó tó ṣẹ́jú, ìwọ tí wọ́n bí, láti ìgbà tí igi ti ń tanná, o kò tíì wá wọn lẹ́ẹ̀kan.

Ọlọ́run á wà pẹ̀lú rẹ níbi iṣẹ́ rẹ. Ọwọ́ rẹ kò ní dá, ojú rẹ kò ní fọ́ níwájú ẹ̀rọ yẹn. Àwọn ọmọ rẹ á tọ́jú rẹ lọ́jọ́ alẹ́ rẹ, wọn kò ní jẹ́ kí o jókòó ti fóònù tí kò dún. Bá mi fi ẹnu ko wọ́n lẹ́nu, kí o sì kí ìyàwó rẹ dáadáa.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ kan ṣoṣo, tí inú ń bí tí kò sì lè ṣe kó má fẹ́ràn rẹ.

Àfikún: Má sọ fún wọn pé èmi ni mo ní kí o pè. Bó bá jẹ́ pé o ti sọ nọ́ńbà wọn nù, má béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó wà lórí ojú ìwé tí o fi ọwọ́ ara rẹ ṣe, òun ló wà lókè pátápátá. Kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ kí o tó gbé e sọ̀kalẹ̀.